Àrójẹ: Ilẹ̀kùn Tí Àwọn Olóúnjẹ Ṣí Sílẹ̀

 

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìlú wa, orúkọ àwọn ọba àti àwọn jagunjagun ni a sábà máa ń dá. A ó sọ ẹni tí ó tẹ ìlú dó, a ó sọ ẹni tí ó mọ odi yí i ká, a ó sì sọ àfáà tí ó kọ́kọ́ kó ọmọ jọ sábẹ́ igi láti kọ́ wọn ní kéwú. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ ìlú dó jẹun, jagunjagun jẹun, àfáà náà sì jẹun. Ta ni ó se oúnjẹ ọ̀hún fún àlejò tí kò ní ìyàwó níbẹ̀, tí kò ní ìyá, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú? Ìtàn àwọn tí ó se é ni mo fẹ́ kọ lónìí: alákàrà, ẹlẹ́kọ, onímọ́ínmọ́ín, elélùbọ́, ẹlẹ́wà, àti gbogbo àwọn tí ń gbé ìkòkò kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà àti ojúde ọba.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ní ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá lóde òní, bí a bá fẹ́ tún ọjà kọ́, ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin ni a máa ń kọ́kọ́ yà sórí ìwé. A ó ka ṣọ́ọ̀bù, a ó dá iye owó ọdún kan lé e, a ó sì pín in. Ẹni tí ó ní owó ọdún kan lọ́wọ́ ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Alákàrà tí ń tà ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò ju agbada kan, àdógàn kan àti àpótí ìjókòó kan lọ, a kì í ya àyè tirẹ̀ sórí ìwé. Bí a bá bi àwọn tí ń pín in léèrè, wọn a ní òun a wá ibi kan kalẹ̀ sí. Ibi tí ó sì máa ń kalẹ̀ sí náà ni etí títì, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn pé alákàrà yìí kì í ṣe èrò ẹ̀yìn nínú ọjà. Òun ni ó ṣáájú ṣọ́ọ̀bù dé.

Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àrójẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́: àrójẹ. Ibi tí àwọn èrò ọ̀nà ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n sì jẹun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́tò, tí kò sí ojú irin, orí ni a fi ń ru ẹrù. Ẹni tí ó ru ẹrù láti Ìlọrin wá sí ìsàlẹ̀ kò lè ru ẹrù kí ó tún ru oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin mọ́ ọn. Nítorí náà, níbi tí ìrìn ìdajì ọjọ́ bá ti parí, lábẹ́ igi ńlá tàbí létí odò, obìnrin kan láti abúlé tí ó wà nítòsí a gbé ẹ̀kọ tútù àti ẹ̀fọ́ wá síbẹ̀. Bí ó bá tà á tán, ní ọjọ́ kejì aládùúgbò rẹ̀ a gbé àkàrà tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, ẹlòmíràn a gbé iyọ̀ wá, ẹlòmíràn a gbé òwú wá, ìpàtẹ a bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ọjà ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé irú ibi ìsinmi báyìí wà lára ohun tí ó bí àwọn ọjà wa. A rí i nígbà náà pé ẹ̀kọ ni ó kọ́kọ́ dé, kí aṣọ tó dé.

Ó yẹ kí á tún mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọjà ọrún àti ọjà alẹ́. Ọjà ọrún, tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́, ni àwọn àgbẹ̀ àti alájàpá ń kó ọjà wá sí láti ìlú dé ìlú. Ọjà alẹ́ ní tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ó ni ín, oúnjẹ tí a ti sè ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó ti oko dé tí kò lè dáná mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, àlejò tí ó wọ ìlú lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, gbogbo wọn ni ọjà alẹ́ ń bọ́.

Ohun tí àwọn arìnrìn-àjò rí

Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Àwa tí a ka ìwé Lárúbáwá mọ Ibn Battuta, ọmọ ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò, tí ó rin ayé já. Ní ọdún 1352 ó gba aṣálẹ̀ kọjá wá sí ilẹ̀ Málì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tí ń rìn ní ọ̀nà yẹn kò nílò láti gbé oúnjẹ dání, kò sì nílò wúrà tàbí fàdákà. Ègé iyọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti èròjà olóòórùn dídùn díẹ̀ ti tó. Bí ó bá ti dé abúlé kan, àwọn obìnrin a gbé ọkà jáde, wọ́n a gbé wàrà, adìẹ, ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà wá, òun a sì ra èyí tí ó wù ú. Ẹ kíyè sí i: ó ti lé ní 600 ọdún tí obìnrin ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń gbé oúnjẹ pàdé àlejò lójú ọ̀nà, tí arìnrìn-àjò tí ó ti rí Mákà, tí ó ti rí Ṣáínà, sì kà á sí ohun tí ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa gan-an, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826. Clapperton kọ ọ́ pé ọjà 7 ni ó wà nínú ìlú náà, àti pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ná an, láti nǹkan bí agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó ka ohun tí ó rí níbẹ̀: iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òrí, ẹ̀gúsí, nǹkan dídùn, ewúrẹ́, adìẹ, àgùntàn àti aṣọ òfì. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1837, Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ti fọ́n ká. Wọ́n fi ààfin sílẹ̀, wọ́n fi odi sílẹ̀, igbó bò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀nà tí a ń gbà dín àkàrà sílẹ̀ sẹ́yìn. Inú orí ni ó wà, ó bá wọn lọ sí ibi gbogbo tí wọ́n sá lọ.

Ní àwọn ọdún 1850, oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan, T. J. Bowen, gbé ní Abẹ́òkúta, Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1857, kò sí ohun tí ó yìn nínú ìlú Yorùbá tó ọjà ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, obìnrin kọ̀ọ̀kan a tan fìtílà kékeré tirẹ̀ síwájú àtẹ. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè tí ó ń wò wọ́n, bí ẹni ń wo ìràwọ̀ ni. Àwa tí ọjọ́ orí wa ti kúrò ní kékeré mọ̀ pé kò purọ́. Títí di ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì fi dé ìgboro Ìgbayè, Òkukù àti Ìníṣà, fìtílà elépo àti àtùpà oníkẹrosíìnì ni a fi ń mọ ibi tí ìyá ẹlẹ́kọ jókòó sí.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan, okùn 50 ni ẹgbàá, ẹgbàá 10 sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe ẹyọ 20,000. Ẹni tí yóò ra ẹṣin tàbí ẹrù aṣọ nílò alárù tí yóò ru owó fún un. Ṣùgbọ́n ẹyọ ni a lè fi ọwọ́ kà ra oúnjẹ. Nítorí náà, òwò oúnjẹ ni òwò tí ó rọrùn jù lọ fún aláìní láti wọ̀. Kò béèrè ọ̀kẹ́ owó lọ́wọ́ ẹni tí ń tà, kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń rà. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí. Ilẹ̀kùn ni àrójẹ jẹ́, ilẹ̀kùn tí ìlú ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn ènìyàn ti ń gba ibẹ̀ wọlé.

Nígbà ogun, nígbà ojú irin, nígbà Gáná

Gbogbo ẹni tí a bí ní ẹ̀bá odò Ọ̀tìn ni ó ti gbọ́ ìtàn ogun Jálumi. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn bá àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó dó ti Ìkìrun jà. Ìbàdàn ṣẹ́gun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Ogun Kírìjì, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò tú pátápátá títí di ọdún 1893. Ní ìgbà náà, àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sì sá di Ìkìrun títí àlàáfíà fi dé.

Ẹni tí ó sá di ìlú mìíràn kò ní oko níbẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní ilẹ̀, iṣu tí ó gbìn lónìí kò lè jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ́la. Kí ni obìnrin lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé? Bí ó bá rí àgbàdo díẹ̀ gbà ní àwìn, yóò rẹ ẹ́, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi ewé pọ́n ẹ̀kọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, owó àgbàdo ti padà, èrè díẹ̀ sì ti wà. Kò sí òwò mìíràn tí owó rẹ̀ ń yára padà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé níbikíbi tí ogun bá kó ènìyàn jọ sí, ìbáà ṣe inú odi ìlú tàbí bùdó ogun, iná olóúnjẹ kì í pẹ́ kí ó tó hàn níbẹ̀.

Lẹ́yìn ogun ni ojú irin dé. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Ní ọdún 1901 wọ́n ṣí i títí dé Ìbàdàn, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba ọ̀dọ̀ wa, ní Ìkìrun àti Òkukù, kọjá dé Ọ̀ffà ní ọdún 1908. Ní ọdún 1909 ó ti dé Jẹ́bà. Àwọn ìwé ìjọba kọ iye kòkó àti ekùrọ́ tí rélùwéè ń kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ náà rí mọ ohun mìíràn tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìdíkọ̀. Ọkọ̀ kò ní tíì dúró dáadáa tí àwọn obìnrin àti ọmọdé yóò ti máa sáré lẹ́bàá fèrèsé, mọ́ínmọ́ín lórí àtẹ, ẹ̀pà nínú igbá, ọsàn tí a ti bó, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, omi nínú ìkòkò. Olówó a na owó láti òkè, olóúnjẹ a na oúnjẹ láti ilẹ̀. Àrójẹ àtijọ́ náà nìyẹn, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé irin ni ó ń ru ẹrù dípò orí. Nígbà tí ọkọ̀ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, àwọn olóúnjẹ ṣí kúrò, wọ́n tẹ̀ lé èrò lọ sí gáréèjì àti ìkóríta títì ọlọ́dà.

Ìtàn kẹta ni ti Gáná, tí a ń pè ní Gọ́ọ̀lù Kóòsì tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ìníṣà, Ọ̀ffà, Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ń ṣòwò dé àríwá ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn tí ó ní ilé àti ọjà níbẹ̀ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wọ ìlú baba wọn bí ẹni wọ ìlú àjèjì, nítorí pé òkèèrè ni wọ́n ti bí àwọn mìíràn nínú wọn. Ìtàn tí àwa gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé àwọn ìyá tí ó ti máa ń ta ọjà gẹgẹrẹ ní Gáná, agbada àkàrà àti ìkòkò ẹ̀wà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nílé. A ti rí ọmọ tí owó ẹ̀wà ọ̀hún rán ní ilé-ìwé tí ó di olùkọ́, a sì ti rí èyí tí ó di nọ́ọ̀sì.

Àkàrà kọjá òkun

Ẹ jẹ́ kí á rìn díẹ̀ kúrò nílé, nítorí ibi tí ilẹ̀kùn yìí ti ṣiṣẹ́ jù lọ, òkè òkun ni. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó dé ìlú Salvador ní Bahia. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Malê, èyí tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ wa, ìmàle. Àwọn náà ni ó dìde ogun sí àwọn olówó ẹrú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú ààwẹ̀ Rámàdánì.

Ní ìlú Salvador yìí, ohun tí àwọn obìnrin wa mọ̀ ni wọ́n fi ń wá ẹ̀mí. Olówó ẹrú a rán wọn jáde láti ta oúnjẹ lójú pópó, kí wọ́n sì máa jíṣẹ́ iye kan fún un. Èyí tí ó bá lé ni tiwọn. Ẹyọ owó kọ̀ọ̀kan ni àwọn mìíràn nínú wọn fi tò jọ títí wọ́n fi ra ara wọn padà. Nínú oúnjẹ tí wọ́n ń tà ni àkàrà wà. Títí di òní olónìí, *acarajé* ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àkàrà àti jẹ tí a so pọ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun ni ó sì máa ń tà á ní ìkóríta.

Ní ọdún 2004, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ kíyè sí i dáadáa: kì í ṣe àkàrà nìkan ni wọ́n kọ, iṣẹ́ àwọn tí ń dín in ni. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé fẹ́ wáyé níbẹ̀ ní ọdún 2014, òfin àwọn tí ó ni ìdíje náà fẹ́ lé àwọn alákàrà kúrò ní pápá ìṣeré Salvador. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n sì kó ara wọn jọ, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, tí ìdíje ìṣáájú wáyé, wọ́n gbà fún wọn láti tà. Ohun tí àwa ń lé kúrò ní ojúde ọjà ni àwọn kan ń fi òfin dáàbò bò ní òkè òkun.

Àwọn tí kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà tì

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilẹ̀kùn yìí ń dá ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ni ó dúró tì í. Ní Èkó, obìnrin Mùsùlùmí kan wà tí ń jẹ́ Alímọ́tù Pelewura. Ẹja ni ó ń tà ní ọjà Ereko, kò sì kàwé òyìnbó. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba fẹ́ ṣí ọjà Ereko lọ sí Olúwọlé. Ó kọ̀, wọ́n mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin yòókù sì tú jáde títí wọ́n fi fi wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí èrè rẹ̀ lọ́dún bá ju 50 pọ́n-ùn lọ, ó kó àwọn ọlọ́jà jọ, wọ́n lọ bá ìjọba. Wọ́n gbé iye náà sókè sí 200 pọ́n-ùn, èyí tí ó yọ àwọn ọlọ́jà kéékèèké kúrò. Nígbà ogun Hítílà, ìjọba tún fẹ́ máa dá iye tí wọn yóò máa ta gàárì fún àwọn obìnrin, láìro iye tí wọ́n rà á. Pelewura àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà títí ètò náà fi parí ní ọdún 1945. Ó kú ní ọdún 1951. Ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín mọ orúkọ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni irú ìjà yìí ti ń wáyé, n ó mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Jàpáánì. Ní ìlú Kyoto, ọ̀nà tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Nishiki. Kò gùn ju nǹkan bí 390 mítà lọ, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ lé ní 100: ẹlẹ́ja, ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹlẹ́yin, àwọn tí ń ta ẹ̀wà sóyà tí a fi ṣe bí wàrà, àwọn tí ń sun nǹkan lórí igi bíi súyà wa. Omi tútù tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹja kí yìnyín ẹ̀rọ tó dé. Ọdún 1615 ni àwọn ẹlẹ́ja ibẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba. Ní nǹkan bí ọdún 1771, àwọn ọlọ́jà mìíràn fẹ́ kí ìjọba ti Nishiki pa. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ito Jakuchu, tí a bí sí ìdílé ẹlẹ́fọ̀ọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1716, ti fi ọjà sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ nígbà náà, ó sì ti di gbajúmọ̀ ayàwòrán. Ó padà wá dúró fún àwọn ará ọ̀nà rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba fún bí ọdún 3, títí wọ́n fi jẹ́ kí ọjà náà máa bá a lọ. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti lọ wo ọ̀nà yẹn. Àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ sì ń rọ àwọn àlejò pé kí wọ́n má ṣe máa rìn kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n dúró níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn ìyá wa fi kọ́ wa náà nìyẹn.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ohun tí a ó pàdánù bí ilẹ̀kùn yìí bá tì ju oúnjẹ lọ. Ẹ wo ìyá ẹlẹ́kọ kan ṣoṣo. Ó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń ra ewé lọ́wọ́ eléwé, ó ń ra igi lọ́wọ́ onígi, ó ń sanwó fún ẹlẹ́rọ ìlọta, ó sì ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ. Ìkòkò kan ń bọ́ ilé márùn-ún. Ó ń ta àwìn fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé, ó ń fi ẹ̀ẹ́nì lé e fún ọmọ òrukàn. Nínú ààwẹ̀, òun ni ó ń jí ṣáájú gbogbo wa kí ẹni tí ó dá nìkan gbé lè rí oúnjẹ sààrì. Nígbà tí a wà ní ilé-kéwú, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta àkàrà kì í sábà jẹ owó Àlàrùbá, nítorí owó kékeré kì í wọ́n nínú igbá alákàrà. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ti ń gbà wọ èdè wa. Àlùbọ́sà àti fìtílà, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, wọ́n gba ilẹ̀ Haúsá kọjá, orí àtẹ ọjà ni wọ́n sì bá wọlé tọ̀ wá. Ibi tí Fúlàní oníwàrà, Haúsá onísúyà àti Yorùbá ẹlẹ́kọ ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìjà, ó yẹ kí á tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkíní kàn àwọn ọba wa, àwọn ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ya ọjà tuntun sórí ìwé, ẹ kọ́kọ́ ya àyè àwọn olóúnjẹ kí ẹ tó ka ṣọ́ọ̀bù. Kò béèrè ju òrùlé, ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́, omi ẹ̀rọ, ihò ìdọ̀tí àti iná alẹ́ lọ. Owó rẹ̀ kí ó jẹ́ ti ojoojúmọ́, kí ó má ṣe jẹ́ ti ọdún, nítorí ojoojúmọ́ ni òwò náà ń wọlé.

Èkejì kàn àwọn olóúnjẹ fúnra wọn. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè gbọ́dọ̀ tọ́jú àyè. Èṣinṣin, omi ìdọ̀tí àti epo tí a dín nǹkan nínú rẹ̀ títí ó fi dúdú wà lára ohun tí àwọn tí ó fẹ́ lé wọn ń tọ́ka sí, wọn kò sì purọ́ níbẹ̀. Ewé ni àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Nylon gbígbóná kò yẹ lára oúnjẹ. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn nínú ọjà Mẹ̀dínà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan, ó rí i pé inú rẹ̀ tutù, ó sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n kó èyí tí omi bà sókè kí ẹni tí ń rà lè rí i. Ẹni tí ó ń fi àkàrà àná pọ̀ mọ́ ti òní kí ó ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Ẹ̀kẹta kàn àwa òbí. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí ó mọ ẹ̀kọ pọ́n ti ń darúgbó, àwọn ọmọ wọn kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí a ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ẹni tí kò kàwé ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn yìí kọ́ wọn. Owó rẹ̀ ti ra ẹrú sílẹ̀ ní Bahia, ó sì ti gbé ẹni tí ogun àti òfin lé kúrò nílé dìde. Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ wa máa ta oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kò ní sùn lébi ní ìlúkílùú tí ayé bá gbé e dé.

Yorùbá ní ọjà kì í tú kí ó má ku ẹnìkan. Ní àwọn ìlú wa, ẹni tí ó máa ń kẹ́yìn ọjà, tí ó ń dúró de àlejò tí kò tíì dé, olóúnjẹ ni. Kí Ọlọ́hun fi àánú àti ìbùkún sí ọwọ́ wọn, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tí ń tún ìlú ṣe rántí wọn nígbà tí wọ́n bá ń ya ilẹ̀. Wàsàláámù.